Gíláàsì Tí Mo Fi Amọ̀ Lẹ̀ Mọ́ Òpó

Ọkùnrin kan wà láyé tí n kò gbọdọ̀ bínú sí. Mo bínú sí i, ó sì kú.

Ẹ má tíì pòṣé, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán. Bí mo bá rò ó tán tí ẹ fẹ́ gbé mi ṣépè, ẹ máa ṣépè náà. Èyí tí mo ti gbọ́ ju èpè lọ.

Masauso Shonga ni wọ́n ń pè mí. Ngoni ni mí, láti ìhà Chipata. Ọmọ Bemba ni Chilekwa Kabaso, ọ̀rẹ́ mi. Ní Zambia níbí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa bá ara wọn jagun títí ogun fi sú wọn, ni wọ́n bá sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Chimbuya là ń pè é. Bemba lè dá Ngoni tí kò mọ̀ rí dúró lójú títì kó bú u látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, Ngoni á sì bú u padà. Ẹni tó bá bínú níbẹ̀ ló jẹ̀bi.

"Ajèkúté!" Bí Chilekwa ṣe ń kí mi láràárọ̀ nìyẹn, níwájú àgò irin tó ń gbé wa sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò ìwakùsà. "Lọ yọ ìrù èkúté tó há ẹ léyín!"

"Ìwọ ajọ̀bọ," èmi náà á fèsì, "mo rí bàbá ẹ àgbà lórí igi máńgòrò lánàá. Ó ní o ò wá kí òun."

Ìyàwó rẹ̀ gan-an, Ìyá Kapya, kì í gbẹ́yìn. Bí mo bá yà nílé wọn, á gbé nshima, òkèlè àgbàdo wa, àti ẹja kapenta síwájú mi, á ní, "Má bínú o, èkúté ti tán lọ́jà. Fi ẹja pa ọ̀fun." Mo fẹ́ràn ilé yẹn ju ilé mi lọ.

Ikú gan-an wà nínú àwàdà wa. Bí Bemba bá kú, Ngoni ló ń lọ da ilé ọ̀fọ̀ rú. Á bẹ́ sínú sàréè, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á ní òun ò jáde àfi tí wọ́n bá fún òun ní nǹkan. Á fi òkú ṣẹ̀fẹ̀ títí ẹkún á fi fúyẹ́ lójú àwọn tó ni ín. Bemba náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Nítorí náà, "Èmi ni n ó sin ẹ́" kì í ṣe èpè láàárín èmi àti Chilekwa. Ó dà bí ẹ kú ojúmọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ òpó wò. Bí wọ́n bá ń wa bàbà lábẹ́ ilẹ̀, wọn kì í wa gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n máa ń fi òkúta ńláńlá sílẹ̀ láàárín yàrá kan sí èkejì kó lè gbé àjà ró. Òkúta yẹn là ń pè ní òpó. Gbogbo ilẹ̀ tó wà lókè, tòun ti ilé, tòun ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọrùn rẹ̀ ló wà. Bí ó bá ti ń rẹ òpó, á kọ́kọ́ máa bó bí èèpo igi. Tó bá yá, àárín rẹ̀ á gbẹ́ wọlé, orí àti ìdí rẹ̀ á ṣì tóbi, bí odó. Mo máa ń fi ọ̀pá irin kàn án. Òkúta tó le máa ń dún ganran, èyí tó ti kú sínú á dún gbọ̀ọ̀.

Níbi tí mo bá ti rí ojú sísán, mo máa ń fi sìmẹ́ńtì lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ dábùú rẹ̀. Èèyàn lè purọ́, gíláàsì kì í purọ́. Bí ojú sísán yẹn bá là sí i bí irun orí ṣe mọ, gíláàsì á fọ́. Bó bá fọ́, èmi á fi ọ̀dà pupa kun òpó náà, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ títí a ó fi fi igi àti kọnkéré ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀dà pupa yẹn ló kó bá mi.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, mo kun òpó kan ní apá ibi tí Chilekwa ti jẹ́ olórí òṣìṣẹ́. Kì í ṣe pé gíláàsì fọ́. Mo kàn kàn án, ìró rẹ̀ ò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ jókòó gẹlẹtẹ láìṣiṣẹ́, àjẹmọ́nú oṣù yẹn sì fò lọ. Ilé iṣẹ́ wá ránṣẹ́ pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Lusaka. Ó kàn án, ó wọ̀n ọ́n, ó ní òpó yìí á gbé àjà dúró títí ọmọ wa á fi gbé ìyàwó. Òpó náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ni wọ́n bá sọ mí ní Bàbá Ọ̀dà.

Bí ife bá sán níbi tí a ti ń jẹun, ẹnìkan á pariwo, "Ẹ sáré pe Masauso, ife yìí fẹ́ wó pa wá!" Àwọn ọmọ iléèwé ń pe ọmọbìnrin mi ní Ọmọ Ọ̀dà. Chilekwa ló sì wá fi ata sí ojú egbò. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn eré bọ́ọ̀lù, ó gun orí bẹ́ǹṣì níbi tí a ti ń mu ọtí. Ó fi igi kékeré kan ikùn ọkùnrin kan tó sanra, ó fetí lé e, ó bẹ́ sẹ́yìn.

"Ọ̀dà pupa! Ọ̀dà pupa! Ẹ sá o, ikùn yìí fẹ́ wó!"

Àwọn èèyàn ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo wẹ̀yìn, ìyàwó mi náà ti fi aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Chimbuya ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi, àwọn tó wà níbẹ̀ sì rò pé omi ẹ̀rín ni. Bí ará Lozi tàbí Tonga, tí kò sí chimbuya láàárín wa, ló ṣe é ni, ǹ bá ti fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀. Ìbínú tí kò rọ́nà jáde máa ń bà lé ibòmíràn nínú ara ni.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan. Mo lọ síbi òpó tó wà nídìí yàrá tí Chilekwa àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Mo tan iná orí mi sí i. Gíláàsì ti là sí méjì gbọọrọ.

Mo kan òpó náà. Gbọ̀ọ̀. Mo tún un kàn níbòmíràn. Gbọ̀ọ̀. Àwọn èèpo òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó wà nílẹ̀ nídìí rẹ̀, wọn ò tíì léruku lára.

Ohun tó yẹ kí n ṣe, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ike ọ̀dà wà nínú àpò mi. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, tí wọ́n ń fi àwọn ọ̀rọ̀ kan rẹ́rìn-ín. Ohùn Chilekwa ló sì ròkè jù.

"Bàbá Ọ̀dà! Ṣé ó ti ń wó ni, ká máa palẹ̀ mọ́?"

Mo ṣa àfọ́kù gíláàsì náà sínú àpò, mo gòkè lọ bá ọ̀gá kòtò, Ọ̀gá Sikazwe.

"Sà, gíláàsì òpó tó wà nídìí yàrá Chilekwa ti fọ́."

Ó gbójú sókè bí ẹni tí inú ń run. "Masauso, o tún ti dé?"

"Ó fọ́ ni, sà."

"Ó dá fọ́, àbí ẹnìkan fi ọ̀pá gbá a?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo mọ̀. Gíláàsì tí ọ̀pá bá gbá máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ ni, èyí tí òpó bá fà yà ló ń là gbọọrọ bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Lẹ òmíràn. Ká wò ó di ọjọ́ Ajé. Bó bá fọ́, kun ọ̀dà ẹ, èmi fúnra mi ni n ó bá ẹ gbé ike dání. Bí kò bá fọ́, jọ̀ọ́, jẹ́ kí àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ wọn."

Kò ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé, kò sì ní kí wọ́n má ṣe é. Èmi náà ò bi í. Ẹ má bá mi di gbogbo ẹ̀bi lé e lórí o. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, èmi nìkan ni mo ronú rẹ̀.

Mo padà sọ̀kalẹ̀. Mo fi sìmẹ́ńtì lẹ apá òsì gíláàsì tuntun. Apá ọ̀tún, mo bu amọ̀ tútù nílẹ̀, amọ̀ náà ni mo fi lẹ̀ ẹ́, mo wá fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ ra ojú rẹ̀ kó lè jọra. Bí ojú sísán bá là báyìí, amọ̀ á fà, gíláàsì á sì wà bó ṣe wà.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Mo ti bi ara mi títí. Mo fẹ́ kí ó di ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó tún pè mí ní Bàbá Ọ̀dà. Mo ní n ó yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi nígbà náà, n ó wá ọgbọ́n dá sí i láìpariwo. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́ délẹ̀, ohun mìíràn wà nísàlẹ̀ ikùn mi: mo fẹ́ kí òkúta kékeré kan bọ́ lu Chilekwa lákoto. Kó bẹ̀rù díẹ̀. Kó mọ̀ pé òkúta kì í ṣe ikùn ọkùnrin tó sanra.

Mò ń nu amọ̀ ọwọ́ mi sára ṣòkòtò nígbà tó yọ sí mi.

"Ajèkúté, òpó mi ńkọ́? Ṣé kí n lọ múra ìsìnkú?"

"Lọ múra ẹ, ajọ̀bọ," mo ní. "Èmi ni n ó sin ẹ́. Ewúrẹ́ ni n ó sì gbà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ kí n tó jáde nínú sàréè."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn yòókù má bàa gbọ́.

"Masauso, ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná. Láti àná ni òkúta yìí ti ń ta pá pá létí mi. Ṣé kò séwu?"

Láti ọdún tí a ti mọra, kò bá mi sọ̀rọ̀ báyìí rí níbi iṣẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi gbayawu. Gbólóhùn kan péré ló kù. Ṣùgbọ́n mo rántí bẹ́ǹṣì yẹn. Mo rántí èjìká ìyàwó mi.

"Ṣé ajọ̀bọ náà máa ń bẹ̀rù òkúta ni?" mo ní. "Wo gíláàsì, kó o lọ ṣiṣẹ́ ẹ."

Ó wo gíláàsì. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, "tó bá ti jẹ́ pé ìwọ lo sọ ọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo wà lókè, mò ń fọ bàtà rọ́bà mi nídìí ẹ̀rọ omi. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò pẹ́, atẹ́gùn àti eruku rú jáde lẹ́nu kòtò. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé níbo ni.

Nígbà tí àgò irin gòkè, Musole, tó jẹ́ igbákejì Chilekwa, ló kọ́kọ́ jáde. Eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Ó rí mi, ó di apá mi mú.

"A gbọ́ òpó tó ń ta, pá, pá, pá. Gbogbo wa sá. Chilekwa náà sá. A ti dé ibi tó láàbò, ló bá dúró. Ó ní, 'Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n lọ wo gíláàsì Masauso.' Ó padà. Ó tan iná sí i. Ó kígbe sí wa, 'Kò fọ́ o! Gíláàsì ò fọ́! Ẹ máa padà bọ̀!'"

Musole bú sẹ́kún. "Kó tó parí ọ̀rọ̀ náà ni àjà wá sílẹ̀."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i gbé jáde.

Mi ò lè jẹun, mi ò lè sùn. Ìyàwó mi rò pé ọ̀fọ̀ lásán ni. Mo yọ àfọ́kù gíláàsì kúrò nínú kóòtù iṣẹ́ mi sínú àpò aṣọ tí mo wọ̀, mi ò sì lè dà á nù. Mo ní n ó sọ fún Ọ̀gá Sikazwe. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, mo padà. Mo ní n ó sọ fún Ìyá Kapya. Mo dé ilé ọ̀fọ̀, àwọn ọkùnrin tó jókòó yí iná ká níta sì fò dìde.

"Ajèkúté ti dé! Ọlọ́run ṣeun! Masauso, wá gba ilé yìí lọ́wọ́ ẹkún!"

Ẹ wò ó, èmi ni wọ́n ń retí. Ọ̀rẹ́ òkú ni mí, Ngoni sì ni mí. Ta ló tún tó bẹ́ẹ̀?

Ní itẹ́ òkú, kí wọ́n tó sọ pósí kalẹ̀, wọ́n tì mí síwájú. Mo bẹ́ sínú sàréè bí àṣà ti wí. Mo dùbúlẹ̀, mo wo ojú ọ̀run. Ilẹ̀ tó yí mi ká ń rùn bí amọ̀ tútù.

"Kí lo fẹ́ gbà kó o tó jáde, ìwọ ológbò?" Àbúrò Chilekwa ló ń béèrè, ó ti ń rẹ́rìn-ín nínú omijé.

"Ẹ má fún mi ní nǹkan kan," mo ní. "Èmi ni mo pa á."

Ẹ̀rín ta.

"Mi ò ṣàwàdà! Gíláàsì ti fọ́ láti Ọjọ́bọ̀. Mo rí i. Mo lẹ òmíràn!"

"Ngoni yìí mọ̀ ọ́n ṣe o!" obìnrin kan ké. "Ẹ wo bí omijé ṣe ń bọ́ lójú rẹ̀ bí òótọ́!"

"Amọ̀ ni mo fi lẹ̀ ẹ́! Amọ̀! Kó má bàa fọ́!"

Wọ́n ń fi ọwọ́ lu itan fún ẹ̀rín. Owó kọ́bọ̀kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lù mí láyà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láti inú kòtò, ẹ̀rù sì bà mí.

Ìyá Kapya gbé ọwọ́ sókè. Ó wá sí etí sàréè, aṣọ chitenge wà lórí rẹ̀, àwọn obìnrin méjì di í mú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn.

"Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé láti ibi iṣẹ́," ó ní. Kò wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èmi. "Kò kọ́kọ́ fẹ́ jẹun. Ó ní òkúta ń ta létí òun. Mo ní kó má lọ mọ́. Ó ní, 'Mo ti bi Masauso. Mo ní ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Bí ewu bá wà, Masauso á sọ fún mi, òun ló bẹ̀rù òkúta jù nínú gbogbo wa.' Ló bá jẹun."

Ó tún sún mọ́ etí sàréè díẹ̀.

"Masauso, ṣé amọ̀ ni?"

Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo gbé àfọ́kù gíláàsì méjèèjì lé etí sàréè, níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. "Amọ̀ ni, Ìyá Kapya."

Ó wo gíláàsì yẹn pẹ́. Mò ń dúró kó kígbe, kó ju iyẹ̀pẹ̀ lù mí.

"Jáde nínú ilé ọkọ mi," ó ní.

Kò sí ẹni tó na ọwọ́ fà mí jáde. Mo dá gun òkè.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó wá ṣe ìwádìí. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ilé ẹjọ́ sì rán mi lọ sẹ́wọ̀n. Mi ò ráhùn. Ọ̀gbà ẹ̀wọ̀n ní òpin. Mo ti jáde báyìí, mò ń sun èédú tà, ìyàwó mi ò sì fi mí sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ohun tó ń dúró dè.

Ohun tí kò ní òpin ni èyí: kò sí Bemba tó ń bú mi mọ́. Ní ibùdókọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin Bemba tó ń pe èrò á máa fi gbogbo Ngoni ṣe yẹ̀yẹ́, á ní kí àwọn ajèkúté jókòó sẹ́yìn kí òórùn wọn má bàa pa àwọn yòókù. Bó bá kàn mí, ẹnìkan á sọ̀rọ̀ sí i létí. Ojú rẹ̀ á yí padà. "Ẹ wọlé, bàbá," á ní, á sì yẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, mi ò ní ìmọ̀ràn púpọ̀. Ẹ ṣàwàdà yín. Àwàdà dára, òun ló gbà wá lọ́wọ́ ogun. Ṣùgbọ́n bí èèyàn yín bá sọ pé ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná, ẹ bá mi fi í sílẹ̀. Bí inú bá ń bí yín, ẹ sọ ọ́ síta kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, ó sàn jù.

Lóṣù tó kọjá, mo kọjá níwájú ọjà, mo rí Ìyá Kapya nídìí ẹja gbígbẹ. Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti kọjá. Mo dúró níwájú àtẹ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó dá mi mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó rọra pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà tó jẹ́ àlejò.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ṣé ẹ ó ra kapenta?"

"Ìyá Kapya," mo ní, "jọ̀ọ́, bú mi. Ní èkúté ti tán lọ́jà."

Ó wọn ẹja náà, ó fi ìkúnwọ́ kan ṣe èènì, ó dì í dáadáa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Rárá o, bàbá," ó ní. "Kí ló dé tí n ó fi bú yín?"